Bí A Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Kékeré Ṣe Ẹnu-Ọ̀nà Wífì ní Kíláàsì Wa

    

Olùkọ́ kíláàsì àgbà ni mí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún 2024. Ìtàn kọ̀ǹpútà kékeré kan ni. Ìtàn ìtìjú mi náà ni. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó mọ bí a ti ń ṣe ẹnu-ọ̀nà wífì. Ẹ ó sì mọ ìdí tí mo fi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá kan tí ó ń ta gàrí, lójú gbogbo kíláàsì.

Ohun tí ó ń dùn wá

Ní kíláàsì wa, ìwé kò tó. Ènìyàn 3 ni ó ń ka ìwé kan pọ̀. Ẹni tí ó jókòó sí àárín ń ríran dáadáa. Àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń na ọrùn bí ògòǹgò.

A tún ní ohùn àwọn àgbà tí mo gbà sílẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ti tẹ abúlé wa dó wà níbẹ̀. Bí a ti ń tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má jẹ ẹ́ wà níbẹ̀. Àlọ́ ìjàpá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n inú tẹlifóònù mi nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí mo bá fi wọ́n ránṣẹ́, mẹ́gà ni yóò ná èmi, mẹ́gà ni yóò ná ẹni tí ó gbà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mẹ́gà kì í pẹ́ tán. Ẹni tí ó ń ṣírò owó ọṣẹ àti owó iyọ̀ kò ní fi èyí tí ó kù ra mẹ́gà nítorí àlọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Kíláàsì wa ń dínkù. A jẹ́ 20 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún kejì dé, a kù 12. Àwọn tí ó lọ sọ pé: "A ti mọ A, a ti mọ B. Kí ni a fẹ́ fi ṣe?" N kò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Síbẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilé ni ó ní tẹlifóònù aláfọwọ́tẹ̀ kan. Bí kì í bá ṣe ti ìyá, ti ọmọ ni. Mo wá ń ro ó pé: ṣé kò sí bí a ti lè kó ìwé àti ohùn sí ojú kan, kí gbogbo tẹlifóònù inú kíláàsì lè mú un láìná mẹ́gà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo. Mo bi í. Ó ní: "Bàbá, ó ṣeé ṣe. Kọ̀ǹpútà kékeré kan péré ni ẹ nílò."

Kọ̀ǹpútà tí kò ju káàdì ìdánimọ̀ lọ

Raspberry Pi ni orúkọ kọ̀ǹpútà náà. Ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àwọn tí ó ṣe é fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé rí kọ̀ǹpútà tí kò wọ́n láti fi kọ́ iṣẹ́.

Gbogbo ara rẹ̀ wà lórí pátákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Kò ní ojú tí a ń wò. Kò ní bọ́tìnì tí a ń tẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 9, fífẹ̀ rẹ̀ kò tó 6. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín jáde kí ẹ wò ó: bí ó ti mọ nìyẹn. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń fi wífì sí inú irú èyí tí a lò.

Ọmọ náà fún mi ní ọ̀kan tí òun ti lò rí. Nígbà tí ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Ṣé èyí ni yóò gbé gbogbo ìwé wa?"

Ó ní: "Bàbá, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Mo pa ẹnu mi mọ́.

Kí ni wífì?

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun kan náà ni wífì àti íntánẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ọ̀nà títì tí ó so àwọn ìlú ayé pọ̀. Wífì dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ nínú agbo ilé, tí ó ti yàrá kan dé yàrá kejì. Ènìyàn lè rìn nínú agbo ilé kí ó má dé títì. Bí ìwé bá wà nínú agbo ilé, kí ni a ń wá lọ sí títì?

Wífì kì í ṣe idán. Ìgbì rédíò ni. Bí rédíò yín ti ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́ láìsí okùn, bẹ́ẹ̀ ni tẹlifóònù ń gba wífì. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀. Rédíò yín ń gbọ́, kò lè fèsì. Tẹlifóònù ń gbọ́, ó sì ń fèsì.

Ẹ̀rọ tí ó ń ké orúkọ wífì sí afẹ́fẹ́, tí ó sì ń gba àlejò wọlé, òun ni mo ń pè ní ẹnu-ọ̀nà wífì. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Kétu rí mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu-ọ̀nà odi ìlú láyé àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé wọlé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu-ọ̀nà wífì rí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe.

Èkínní, ó ń ké orúkọ ara rẹ̀, kí tẹlifóònù lè mọ̀ pé ó wà nítòsí.

Èkejì, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kóòdù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní wọlé.

Ẹ̀kẹta, ó ń fún tẹlifóònù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, bí ìgbà tí baálé ilé bá fi yàrá han àlejò. Àdírẹ́sì méjì kò gbọdọ̀ jọra. Bí wọ́n bá jọra, ohun tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan kò ní mọ ilé tí yóò yà sí.

Bí a ti ṣe é

Iṣẹ́ kìíní ni ti káàdì ìrántí. Káàdì yìí kò tó èékánná àtàǹpàkò yín. Inú rẹ̀ ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ wà. Inú rẹ̀ náà ni a ó kó ìwé àti ohùn sí. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni ọmọ náà ti kọ ètò sí inú káàdì, kí a tó ki káàdì bọ inú èyí kékeré. Níbẹ̀ ni ó ti ní kí n yan orúkọ olóhun àti ọ̀rọ̀ àṣírí olóhun. Láyé ìṣáájú, gbogbo Raspberry Pi ni ó ń bá orúkọ kan náà àti ọ̀rọ̀ àṣírí kan náà wá láti ilé iṣẹ́. Olè tí ó bá mọ ti ẹnì kan ti mọ ti gbogbo ayé. Láti ọdún 2022, wọ́n ti fi òpin sí i. Olúkúlùkù ni ó ń yan tirẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ti orílẹ̀-èdè. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ lórí ìgbì rédíò. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ sọ orílẹ̀-èdè tí a wà fún kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́tà méjì ni a ń kọ. BJ ni Benin, TG ni Tógò. Bí a kò bá sọ ọ́, wífì lè wà ní títì.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ọmọ náà ti padà sí Àjàṣẹ́. Mo jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ọ̀sán, wífì kò fọhùn. Mo yọ okùn, mo tún un kì. Mo gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlà kan wà lójú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà náà ń sọ pé wífì wà ní títì, kí n kọ́kọ́ sọ orílẹ̀-èdè. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò kà á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì gùn, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé n kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Iṣẹ́ kẹta ni àṣẹ tí ó ń sọ kọ̀ǹpútà di ẹnu-ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, ètò méjì ni ènìyàn ń tò. Hostapd ni ó ń ké orúkọ, tí ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Dnsmasq ni ó ń pín àdírẹ́sì. Ìlà tí ènìyàn ń kọ pọ̀. Nínú ètò tí ó jáde ní ọdún 2023, ìlà kan ṣoṣo tó. Ìlà tí mo tẹ̀ nìyí, bí mo ti tẹ̀ ẹ́ gan-an:

sudo nmcli device wifi hotspot ssid IWE-WA password Akaba2468

Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ 9 péré ni. Ẹ jẹ́ kí a kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sudo ń sọ pé: olóhun ni ó pàṣẹ yìí.
Nmcli ni orúkọ ìránṣẹ́ tí ó ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ.
Device wifi ń sọ pé: apá tí ó ń ṣe wífì ni mo ń bá sọ̀rọ̀.
Hotspot ń sọ pé: di ẹnu-ọ̀nà.
Ssid ń sọ pé: orúkọ tí ìwọ yóò máa ké ni ó ń bọ̀ yìí. Orúkọ náà ni IWE-WA.
Password ń sọ pé: ọ̀rọ̀ ìwọlé ni ó ń bọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà sì tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé ní òfin. Kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 8. Kò gbọdọ̀ ju 63 lọ. N kò fi àmì ohùn sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo tẹlifóònù ni ó rọrùn láti fi tẹ àmì. Ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ ìwọlé tèmi yìí lò o. Àwa náà ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ ìtìjú mi

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ kan ni mo pe gbogbo kíláàsì jọ. Mo yá tẹlifíṣọ̀n ọ̀rẹ́ mi kan, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré náà, kí gbogbo ènìyàn lè máa wo ohun tí mo ń ṣe. Ènìyàn 12 ni ó wá. Àwọn kan mú tẹlifóònù tiwọn. Àwọn kan mú ti ọmọ wọn.

Mo tẹ ìlà náà. Ẹ̀rọ dáhùn pé ó ti ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Olùkọ́, mo ti rí IWE-WA!" Gbogbo tẹlifóònù rí i. Inú wa dùn, a pàtẹ́wọ́.

Mo wá mú ẹfun, mo kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ojú pátákó:

akaba2468

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Tẹlifóònù kìíní kọ̀. Èkejì kọ̀. Ẹ̀kẹta kọ̀. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Mo gba tẹlifóònù obìnrin kan, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, kíákíá. Ó kọ̀. Dípò kí èmi ṣiyèméjì, mo ní tẹlifóònù rẹ̀ ni kò dára.

Òógùn bò mí. Mo ti sọ fún gbogbo abúlé pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò rí ohun tí ìwé wúlò fún. Inú bí mi. Mo sì la ẹnu mi, mo sọ ohun tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ. Mo ní: "Ọdún kejì nìyí! Ẹ kò tíì mọ lẹ́tà síbẹ̀!"

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin méjì mú àpò wọn, wọ́n dìde. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti wúwo, n kò lè pè wọ́n.

Nígbà náà ni ìyá tí ó ń ta gàrí dìde. Ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ni ó máa ń pẹ́ jù bí a bá ń kàwé. Yóò fi ìka sí abẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sì ní gbé ìka kúrò títí yóò fi dá a lójú. Nígbà mìíràn mo máa ń kánjú kà á fún un, kí a lè tẹ̀síwájú.

Ó lọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó fi ìka sí òpin ìlà tí mo tẹ̀. Ó kà á jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó lọ sí iwájú pátákó. Ó fi ìka sí ohun tí mo fi ẹfun kọ. Ó kà á jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó padà sí iwájú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

Ó ní: "Olùkọ́, ẹ má bínú. A tí ó wà nínú tẹlifíṣọ̀n yìí, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Èyí tí ẹ kọ sí pátákó, ikùn ni ó ní. Ṣé ọ̀kan náà ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ wo ìlà tí mo tẹ̀. Ẹ wo èyí tí mo kọ sí pátákó. Ṣé ẹ ti rí i? Lẹ́tà ńlá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Lẹ́tà kékeré ni mo kọ sí pátákó. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́ wọn pé lẹ́tà ńlá ni ó ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ibi. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, ó tẹ̀ ẹ́, ojú mi kò rí i. Lójú ènìyàn, A ńlá àti a kékeré jọ ń sọ ohùn kan. Lójú ẹ̀rọ tí ó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀rọ kì í sọ pé: "Mo mọ ohun tí ó ní lọ́kàn." Ohun tí a kọ nìkan ni ó mọ̀.

Ìyá náà mú tẹlifóònù ọmọ rẹ̀. Ó tẹ A olórí ṣóńṣó. Ó tẹ ìyókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹlifóònù wọlé. Òun ni ẹni kìíní tí ó wọ ẹnu-ọ̀nà wa.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní: "Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ará, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin mọ lẹ́tà. Èmi ni n kò wò ó."

Ìyá náà ní: "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ náà ni o kọ́ mi ní A."

Obìnrin méjì tí ó ti dìde tún jókòó.

Àwọn ìṣòro mìíràn

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà. Ìṣòro mẹ́ta ni a tún rí. Mo ń sọ wọ́n kí ẹ̀yin má bàa kọsẹ̀ níbi tí àwa ti kọsẹ̀.

Èkínní ni ti mẹ́gà. Nígbà tí tẹlifóònù wọlé, ó kọ ọ́ sójú pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Òtítọ́ ni ó sọ, àwa kò sì wá íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù mìíràn, bí kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì nínú wífì, yóò yọ́ padà sí orí mẹ́gà láìsọ fún olóhun. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́gà ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe tán lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, kí a tó wọlé, a máa ń kọ́kọ́ pa mẹ́gà. Bí tẹlifóònù bá béèrè bóyá kí òun dúró sórí wífì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ni a ń dá a lóhùn.

Èkejì ni ti agolo. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà sínú agolo bisikíìtì, kí eruku àti alángbá má bàa dé ibẹ̀. Àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn kò rí IWE-WA mọ́. Ìgbì rédíò kì í gba inú irin kọjá dáadáa. Ooru sì mú ẹ̀rọ náà nínú agolo. A ní kí káfíńtà kan àpótí igi kékeré, kí ó lu ihò sí i lára. A gbé àpótí náà kọ́ sí òkè ògiri láàárín yàrá. Wífì tún dé ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta ni ti iná. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ó padà dé, kọ̀ǹpútà jí, ṣùgbọ́n kò ké orúkọ mọ́. Àṣẹ tí mo pa fún un, fún ìgbà kan péré ni. N kò sọ fún un pé kí ó máa ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ó bá jí. Ìlà tí ó tún un ṣe nìyí:

sudo nmcli connection modify Hotspot connection.autoconnect yes

Hotspot ni orúkọ tí ìránṣẹ́ náà fi pamọ́ fún ẹnu-ọ̀nà wa. Ẹ wo H rẹ̀: ńlá ni. Ọ̀rọ̀ ìparí, yes, ni bẹ́ẹ̀ ni: máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ. Nígbà tí mo tẹ ìlà yìí, mo fi ìka sí abẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ìyá oníṣòwò gàrí.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí pẹ̀lú. Ẹ má kàn fa okùn iná yọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó wà nínú káàdì lè bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ fún un pé kí ó sùn: sudo poweroff. Bí ó bá ti sùn, ẹ yọ okùn. Nítorí pé iná lè lọ nígbàkigbà, mo ní káàdì kejì tí mo da gbogbo rẹ̀ kọ sí, mo sì gbé e pamọ́ sí ilé.

Ohun tí ó wà nínú ilé

Kí ni a ń bá nínú ilé lẹ́yìn tí a bá ti wọ ẹnu-ọ̀nà? A ṣí ibi tí a ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifóònù. Níbi tí a ti ń kọ àdírẹ́sì, a kọ 10.42.0.1. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà kékeré náà nìyẹn. Ojú ewé kan yóò ṣí. Àwọn ẹ̀kọ́ wa wà níbẹ̀. Ohùn àwọn àgbà wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì fi ètò kan tí ń jẹ́ Kiwix gbé Wikipedia èdè Yorùbá sí i, ìyẹn ìwé ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn jọ ń kọ. A lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ẹnu-ọ̀nà wa kò tóbi. Kò lè gba gbogbo abúlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ògiri méjì bá wà láàárín, agbára rẹ̀ a dínkù. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Kútọnu, kò lè gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, yóò yó. Ẹni 12 ni ó ń kàwé lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Méjì nínú àwọn tí ó ti lọ sì ti padà wá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ohùn bàbá òun tí ó ti di olóògbé ni òun wá gbọ́.

Ìyá oníṣòwò gàrí ni a fi ṣe olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń kà á kí n tó fọwọ́ sí i. Ó ṣì máa ń pẹ́. N kò kánjú mọ́.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá ń kàwé tí ó ń pẹ́ yín, ẹ má tijú. Èmi tí mo kàwé kíákíá ni n kò ka ìlà tí ó sọ fún mi pé wífì wà ní títì. Èmi náà ni n kò rí A tí ọwọ́ ara mi tẹ̀. Ẹni tí ó fi ìka sí abẹ́ lẹ́tà ni ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

 

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín wífì àti íntánẹ́ẹ̀tì?
2. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni ẹnu-ọ̀nà wífì ń ṣe?
3. Kí ni ó dé tí gbogbo tẹlifóònù fi kọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ sí pátákó?
4. Kí ni ó dé tí agolo kò fi dára fún kọ̀ǹpútà náà?
5. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé kan tí ó ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà, tí kò dín ní 8. Ẹ fi ìka sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á rẹ́.